Má Tíì Di Ẹrù Rẹ, Fúnmiláyọ̀

Ìjù-Odò, lọ́nà Òkìtìpupa,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, láàárọ̀.

Fúnmiláyọ̀, àkọ́bí mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ọ̀gá ilé ìwé ló bá mi gbà á ní Òkìtìpupa, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ náà á sì bínú pé n kò kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun? Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè fi ojú ìwé méjì kí ènìyàn.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o kọ sọ, kí n lè mọ̀ pé ó yé mi. O ní oṣù keje rèé tí o ti wà ní abúlé etí odò yẹn ní Gáńbíà, tí o yọ̀ǹda ara rẹ láti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sìn wọ́n. O ní ìkòkò àgbo kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú, òun ni ìyá arúgbó tí ẹ ń pè ní Yáà Bíntà fi ń wẹ àwọn ọmọ tuntun. Ìyá yìí ló ti ń gbẹ̀bí fún gbogbo abúlé kí a tó bí ọ. O rí ìdin nínú ìkòkò náà. O rán akọ̀wé ilé ìtọ́jú sí ìyá náà pé ṣé o lè gbé e kúrò, akọ̀wé padà wá ní ó gbà, ni o bá da àgbo nù, o sì fi oògùn apakòkòrò fọ ìkòkò. Láti ọjọ́ náà, obìnrin kankan kò gbé ọmọ wá mọ́. Bí o bá kí wọn, wọ́n á wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni o wá kan ọ̀rọ̀ Fátù, ní ìlà mẹ́rin péré, nísàlẹ̀ lẹ́tà. Fátù lóyún ìbejì. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà tó bí àkọ́kọ́. Ìwọ ti yẹ inú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, Yáà Bíntà sì ti wí pé òun kò ní fọwọ́ kan ikùn tí àlejò bá ti fọwọ́ kàn. Fátù náà kò gbà láti wọ ilé ìtọ́jú rẹ mọ́. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò ku ju oṣù kan àti ààbọ̀ lọ. Ìwọ sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ òkun tó ń bọ̀ níparí oṣù.

Ọmọ mi, ojú ìwé mẹ́ta ni o fi sọ ti ara rẹ, bí ojú ṣe ń tì ọ́, bí inú ṣe ń bí ọ, bí àárò ilé ṣe ń sọ ọ́. Èmi kò rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju Fátù lọ. Ìwọ yóò wà nínú ọkọ̀ òkun, ìyá arúgbó yóò wà ní ilé rẹ̀, Fátù yóò sì kúnlẹ̀ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láàárọ̀ yìí dípò kí n lọ sóko.

Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe máa ń tò ó ní ìpàdé ìjọ.

Ìkíní, ìkíni. O kọ̀wé nígbà kan pé ìkíni àwọn ará ibẹ̀ ti sú ọ, pé wọ́n á béèrè ara rẹ, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè bàbá, ìyá, oko àti ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n tó sọ ohun tó gbé wọn wá. O ní o ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń gé e kúrú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, mo kà á sókè fún ìyá rẹ. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí a tọ́ ní kékeré ní Ìjù-Odò, tí o bá gbàgbé láti kúnlẹ̀ kí ìyá ìyá rẹ, o kò ní jẹun lọ́jọ́ náà, ta ló kọ́ ọ ní gígé ìkíni àgbà kúrú? Bí wọ́n bá béèrè màlúù tí o kò ní, dá wọn lóhùn pé màlúù wà ní àlàáfíà. Jókòó, kí o gba ìkíni náà tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo irú ẹni tí o jẹ́.

Ìkejì, oúnjẹ. O ní inú abọ́ kan ni gbogbo ilé ti ń jẹun níbẹ̀, àti pé nítorí ìmọ́tótó, o ń dá jẹ gààrì tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ nínú yàrá tìrẹ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fi ara rẹ sí ipò wọn. Bí àlejò kan bá dé ilé wa tó ń ti ilẹ̀kùn jẹun fún oṣù méje, kí ni ìyá rẹ yóò sọ nípa rẹ̀ lẹ́bàá ààrò? Fọ ọwọ́ rẹ, kí o sì jẹ níwájú tìrẹ nínú abọ́ náà. Bí inú bá run ọ́, ìwọ ni nọ́ọ̀sì.

Bàtà ńkọ́? Ìwọ ọmọ Aládùúrà, tí o ń bọ́ bàtà kí o tó wọ ilé Ọlọ́run láti ìgbà tí o ti lè rìn, mo gbọ́ pé pẹ̀lú bàtà funfun yẹn ni o ń wọ àgbàlá ìyá arúgbó náà. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà oṣù tó kọjá, o pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ̀kẹta, ògbufọ̀.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì dìde. Mo lọ da àgbàdo fún adìẹ, mo lọ wo òrùlé ilé ìdáná tí nǹkan kan kò ṣe, mo tún padà. Ìyá rẹ bi mí léèrè pé lẹ́tà wo ni ènìyàn ń kọ láti àárọ̀ bí ẹni ń kọ Bíbélì. Kò mọ ohun tí mo fẹ́ kọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé yìí àfi èmi, bóyá àti Tíṣà Dáfíìdì, bí òun náà bá ti ro ó jinlẹ̀ níbi tó wà.

O rántí Tíṣà Dáfíìdì, òyìnbó tó gbé ilé oníyàrá méjì tó wà níwájú ilé wa. Ìwọ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàgbà nígbà náà, o ń lọ sí ilé ìwé, ìgbà ìsinmi nìkan ni o ń rí i. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ọjọ́ orí tìrẹ gan-an. Òun náà yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni, ó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ìlera. Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo kìlọ̀ fún un, ó jáwọ́. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn ọmọge tó wá tajà, a sì rẹ́rìn-ín títí. Ó jẹ púpúrú débi pé ó lè mọ èyí tí èéfín rẹ̀ kò tó. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sì fẹ́ràn bó ṣe ń pè mí ní ọ̀gá lójú àwùjọ, torí èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa ní àdúgbò wa, èmi ni mo sì ń ṣe ògbufọ̀ fún un.

Ìwọ mọ ibi tí àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún púpúrú nínú odò. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní igi tirẹ̀ tó rì mọ́lẹ̀, ìdí igi náà ni agbọ̀n rẹ̀ ń wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún títí ẹ̀gẹ́ á fi rọ̀. Ẹlòmíràn kì í yọ ọ́. O kúrò nílé kí o tó dàgbà tó ẹni tí à ń sọ ìdí rẹ̀ fún. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, tí àwọn ará ilé ọkọ bá fẹ́ lé ìyàwó, wọn kì í bá a jà, wọn kì í sì í da aṣọ rẹ̀ síta. Wọ́n á rán ẹnì kan lọ sódò láàárọ̀, á yọ agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú omi, á gbé e sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí obìnrin náà bá dé ibẹ̀ tó rí i, ó mọ̀ pé òun kò nílé mọ́. Á gbé agbọ̀n náà rù, á sì máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ojú mi ló rí ti àbúrò ìyá mi.

Tíṣà Dáfíìdì rí i pé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń mu omi, inú sì ń run wọ́n. Òótọ́ ló sọ. Ó fẹ́ kí wọ́n kó àwọn agbọ̀n lọ sí ìsàlẹ̀ odò, kọjá ibi tí àwọn ọmọ ti ń bu omi. Ó ní kí n bá òun lọ rí àwọn obìnrin. Olórí wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìye Àgbà, tẹ́tí gbọ́ ọ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà dára, àwọn á kó o fúnra àwọn lẹ́yìn tí kálukú bá ti yọ èyí tó wà nínú omi. Lẹ́yìn náà ó nàka sí mi.

"Kó má fọghọ́ kàn án," ó ní. "Sọ fún un. Kó má fọghọ́ kan agbọ̀n kankan."

Tíṣà yíjú sí mi. "Kí ni wọ́n wí, ọ̀gá?"

Mo ní, "Wọ́n gbà."

Ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Fúnmi. Oòrùn mú, ebi ń pa mí, àlàyé náà yóò sì gùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an. Ojú ló ń tì mí láti sọ fún òyìnbó tó ń pè mí ní ọ̀gá pé bí a ṣe ń lé ìyàwó nílẹ̀ wa nìyí. Mo rò pé kí ọjọ́ ìkó tó pé, èmi fúnra mi yóò wà níbẹ̀, n ó sì wá ọgbọ́n kan dá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí sí Ìrèlè láti wá bá ọ̀rẹ́ mi kan kan òrùlé, mo sì lọ.

Nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ìrèlè, ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ pàdé lójú ọ̀nà. Agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wà lórí rẹ̀, omi ń kán sí i léjìká, ó pọn Kọ́lá àbúrò rẹ sẹ́yìn. Ó ń lọ sílé bàbá rẹ̀. Òun àti ìyá mi ti ń bá ara wọn jà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, ìwọ mọ bí ìyá mi ṣe rí.

Ó ní, "Àba Fúnmi, kí ni mo ṣe fún ghan?"

Tíṣà Dáfíìdì ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè láàárọ̀, òun nìkan, ó ti yọ agbọ̀n gbogbo obìnrin àdúgbò wa kúrò lódò, ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ gbígbẹ létí omi kí ó lè máa rù wọ́n lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rò pé òun ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá rẹ, tí ìjà yẹn wà lọ́kàn rẹ̀, kò wo ju agbọ̀n tirẹ̀ lọ. Bí mo ti rí agbọ̀n lórí ìyá rẹ ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ Tíṣà ni. Ibi tí mo ti lè tún nǹkan ṣe nìyẹn. Mo gba agbọ̀n lórí ìyá rẹ, mo sì sọ fún un pé, "Òyìnbó ló ṣe é. A sọ fún un kó má ṣe é, kò gbọ́."

Irọ́ kejì nìyẹn. Èyí ni mo mọ̀ọ́mọ̀ pa.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dá Tíṣà lóhùn mọ́. Wọn kò pọn omi fún un. Àwọn ìyá mú ọmọ wọn kúrò nílé ìwé. Ìye Àgbà ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí ilé níbẹ̀. Ní ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?" Èmi náà á ní kó ní sùúrù, wọ́n á gbàgbé. Ohun tí àwọn ará abúlé yẹn ń ṣe fún ọ, mo ti wo ojú ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún, mo sì mọ ìdí rẹ̀, mo dákẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni gìrì mú Kọ́lá. Lọ́sàn-án ni. A sọ fún ọ pé ibà ló pa àbúrò rẹ, pé ọkọ̀ kò tètè dé. Òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tí a kò sọ fún ọ ni pé alùpùpù Tíṣà Dáfíìdì wà lábẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀, epo wà nínú rẹ̀, òun náà sì wà nílé. Ìyá rẹ ní kí a má ké sí i, torí ó gbà pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tàbùkù òun ni. Òun kò mọ̀. Èmi mọ̀. Bí mo bá kanlẹ̀kùn rẹ̀, mo ní láti sọ fún ìyá rẹ ìdí tí mo fi lè bẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà. A tan àbẹ́là, a gbàdúrà, n kò sì fi àdúrà ṣeré, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi lọ́jọ́ náà pé mo ń fi í sá fún ilẹ̀kùn kan ni. Lẹ́yìn náà a dúró de ọkọ̀ lójú títì. Nígbà tí ọkọ̀ dé, a kò bá a dé Òkìtìpupa.

Tíṣà wá síbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn ọgbà. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò pe òun. Mo ní a rò pé ọkọ̀ yóò tètè dé ni. Ó sunkún. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó jáde wá sìn ín. Ó kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mejì láti ìlú rẹ̀. Wọ́n wà lábẹ́ Bíbélì mi di òní, n kò fèsì ìkankan.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ ronú kan akọ̀wé rẹ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ "ó gbà" nínú lẹ́tà rẹ. N kò mọ ohun tí Yáà Bíntà sọ fún un. Ó lè jẹ́ pé ó gbà lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ní "jẹ́ kí n wá gbé e fúnra mi," tí ojú sì ti akọ̀wé náà láti ṣàlàyé fún ọmọ tó wá láti ìlú òkèèrè. Má ṣe dójú tì í. Má fi ìbínú bi í. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá ń tú ọ̀rọ̀ fún ọ, wo ojú ẹni tó sọ̀rọ̀, má wo ojú ẹni tó ń tú u. Ìka tí Ìye Àgbà nà sí mi lọ́jọ́ náà, bí Tíṣà bá ti wò ó dáadáa, kì bá tí gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé, mi ò sì mọ nọ́ńbà tó kù mọ́.

Lọ bá ìyá náà. Má rán akọ̀wé, má kọ̀wé. Bọ́ bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mú obì lọ, o ní wọ́n ń gbà á níbẹ̀. Gba ìkíni rẹ̀ tán bí ó bá kí ọ, bí kò bá kí ọ, kúnlẹ̀ síbẹ̀ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ níbí, ìyẹn kò nílò ògbufọ̀. Fi ọwọ́ sọ fún un pé ìwọ lo dà á nù. Má sọ pé wọ́n ní ó gbà. Má mẹ́nu kan ìdin. Ọ̀rọ̀ ìdin yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti di ọ̀rẹ́. Ní kó wá se àgbo mìíràn, kó gbé e síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà bẹ̀ ẹ́ nítorí Fátù, kí ọwọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Bí ó bá lé ọ, padà lọ lọ́jọ́ kejì. Bí ọkọ̀ òkun bá lọ láìsí ìwọ nínú rẹ̀, òmíràn yóò wá.

Ó ku ohun kan. Ìyá rẹ ni kò fẹ́ kí o lọ sí Gáńbíà. Ó ní òun mọ ohun tí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún abúlé tó gbà wọ́n. Láti ọdún náà wá, Tíṣà ló ń dá lẹ́bi ikú Kọ́lá. N kò lè máa rán ọ lọ kúnlẹ̀ fún àgbà àjèjì nígbà tí èmi kò tíì kúnlẹ̀ nílé mi. Nítorí náà, lẹ́tà yìí kò ní kúrò nílẹ̀ títí n ó fi sọ fún un. Bí ó bá dé ọwọ́ rẹ, o mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n báyìí. Mo ti sọ ọ́.

Ó ń ha dúdú ara púpúrú nílé ìdáná nígbà tí mo kúnlẹ̀ tì í. Ó kọ́kọ́ rò pé nǹkan ṣe ọ́ ni. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ha nǹkan mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Epo wà nínú alùpùpù náà?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

Ó dìde, ó gba ọ̀nà odò lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá agbọ̀n ló lọ yọ. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó jókòó sórí àpótí lọ́nà jíjìn sí mi, ó sì bi mí pé oyún Fátù yẹn ku oṣù mélòó. Mo sọ fún un. Ó ní lẹ́tà ń pẹ́ lọ́nà, pé kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ rẹ gan-an ni kí o lọ bá ìyá arúgbó náà, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, kí o gbé àtùpà.

Mo bi í bóyá yóò lè dárí jì mí. Ó ní ọ̀rọ̀ Fátù là ń kọ, kí n kọ ọ́ tán, ọkọ̀ Òkìtìpupa ti fẹ́ kọjá.

Èmi ni bàbá rẹ.